Bàbá Lará Kò Kọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Èébú náà tọ́ sí mi, n kò ní sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó tán.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti pa irọ́ kan mọ́ bàbá kan ní Trikania, níbí ní Kaduna. Irọ́ náà gba ipò kan lọ́wọ́ ọmọ wọn, ó sì gbé e fún mi. Ipò náà ni mo fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ibi tí àwọn ìjọba gbogbo ayé ti ń sọ̀rọ̀ nípa àyíká wa tó ń bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, bóyá mi ò bá ti gbé e mì. Èyí tó burú jù ni pé irọ́ náà ya bàbá kúrò lára ọmọ, títí di òní olónìí, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀ pé èmi ni mo yà wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé bàbá náà ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ilé ìwòsàn ti ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sílé. Bí bàbá náà bá kú láìgbọ́, n kò mọ ẹni tí màá tún lọ bẹ̀.

N kò ní dárúkọ ara mi. Àwọn tó mọ̀ mí máa dá mi mọ̀, ọ̀rọ̀ sì ti kọjá ìtìjú. Kaduna ni wọ́n bí mi sí, Ungwan Shanu ni mo dàgbà sí. Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti wá. Tíṣà ni wọ́n, wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ Hausa nínú ilé. Yorùbá ni, tàbí òyìnbó. Nítorí náà mo gbọ́ òyìnbó dáadáa, mo sì máa ń fi yangàn. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìwà mi ti kọ́kọ́ wọ́, ibẹ̀ ni.

Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì tí n kò ríṣẹ́, mo dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan sílẹ̀. À ń kó ike àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà, à ń gbin igi, à ń lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti sọ fún àwọn ọmọ pé ojú ọjọ́ ti ń yí padà. Mùsùlùmí wà nínú wa, Kìrìsìtẹ́nì wà nínú wa. Kaduna yìí ni ìjà ẹ̀sìn ti pín sí méjì, tí àwọn kan kò fẹ́ sọdá afárá tó wà láàárín ìlú mọ́. Inú àwọn ènìyàn máa ń dùn bí wọ́n bá rí wa tí a jọ ń gbá ilẹ̀. Orí tèmi sì máa ń wú.

Ibẹ̀ ni Ọmọ́lará ti bá wa. Lará ni à ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdírì. Òun àti bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní Trikania. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá náà kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Àwọn méjì péré ni wọ́n ní ara wọn.

Bí ẹ bá bá Lará sọ Yorùbá, Yorùbá tó dàpọ̀ mọ́ Hausa ni yóò fi dá yín lóhùn, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ibí. Òyìnbó rẹ̀ kò já gaara. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, Anti ló ń pè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ọmọ yìí, ó kéré tán. Àwa yòókù, ẹnu la fi ń ṣe ọ̀rọ̀ àyíká. Lará ń fi ọwọ́ ṣe é. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé wọn. Ilé ti há a mọ́, pàǹtírí ti dí i, bí òjò bá sì ti pọ̀, inú ilé àwọn ènìyàn ló ń gbà lọ. Bí omi bá ti fà, Lará á mú ṣọ́ọ̀kì, á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Á fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dé. Á wá kọ ọ́ sínú ìwé: ilé ta ni, kí ni omi gbé lọ, ibo ni wọ́n sùn.

Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń ṣe é, kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe lórúkọ. Yorùbá àti Hausa ló dàpọ̀ nínú ìwé náà. Mo rántí ibì kan tó kọ ọ́ pé: "Ilé Mama Godiya. Omi dé orúnkún. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Wọn ò sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín." Èmi tí mo lọ yunifásítì, n kò lè kọ irú rẹ̀.

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ kan láti òkè òkun kéde pé àwọn ń wá àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn máa mú lọ sí ìpàdé ńlá lórí ojú ọjọ́, níbi tí àwọn ìjọba gbogbo ayé ti ń pàdé. Wọ́n ní ó ti tó gẹ́ẹ́ tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ lẹ́yìn àwọn ọmọ. Wọ́n ní kí a ya fídíò ránṣẹ́. Mo ya tèmi. Mo wọ kóòtù, mo sọ òyìnbó bí ẹni ń ka ìròyìn. Mo fi fóònù mi ya ti Lará náà, kí wọ́n má baà rò pé èmi nìkan ni ẹgbẹ́ náà. Ó dúró níwájú ògiri ilé wọn, ó ń fọwọ́ kan àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ Hausa. Mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo fi méjèèjì ránṣẹ́.

Lẹ́tà dé sórí ímeèlì ẹgbẹ́ wa. Èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Lará ni wọ́n mú.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nípa èdè, àwọn máa wá ògbufọ̀ tó gbọ́ Hausa fún un. Wọ́n ní nítorí pé kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, obìnrin àgbà kan yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ́nà, kí bàbá rẹ̀ sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan. Bí òbí rẹ̀ kò bá gbà, kí ẹgbẹ́ wa yan ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìlà tó gbẹ̀yìn yìí ni mo tún kà. Mo ti gba ìwé ìrìnnà tèmi sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó wà nínú àpótí, kò tíì lọ ibì kankan.

Ẹ má rò pé ojú ẹsẹ̀ ni mo gbèrò ibi. Ọjọ́ náà gan-an ni mo pe Lará tí mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Anti, wallahi? Ni?", pé ṣé òun ni lóòótọ́. Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, bíi pé Lará mìíràn tún wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí i fún bí wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà ló ní òun kò lè fẹnu ara òun sọ ọ́ fún bàbá òun. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó bá tóbi tó báyìí, ọmọ kì í dá gbé e lọ síwájú bàbá. A máa ń wá ẹni tó juni lọ, tí yóò báni gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, tí yóò báni bẹ̀bẹ̀. Bí bàbá bá sì ti fún ẹni náà lésì, ó parí nìyẹn. Ọmọ tó bá tún lọ ń béèrè ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bàbá rẹ̀ ti sọ alágbàsọ di òpùrọ́, ó sì ti sọ ara rẹ̀ di aláìgbọràn. Wọ́n tọ́ Lará dáadáa. Ó ní, "Don Allah, ẹ jọ̀ọ́ Anti, ẹ bá mi bá Bàbá sọ ọ́. Wọ́n máa gbọ́ tiyín." Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Mo ní ó dáa. Mo fi fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé báàgì náà kiri kí n tó lọ, láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ọkàn mi sì yí. Ṣé ìlara ni? Ìlara ni. Ṣùgbọ́n mo fún un lórúkọ mìíràn nígbà náà. Mo ní ọmọ tí kò gbọ́ òyìnbó yóò lọ dójú ti Kaduna. Mo ní àwọn aláṣẹ ayé kì í fetí sí ẹni tí wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní èmi ni mo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo ní ọmọdé ni, àǹfààní mìíràn ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi kì í wá àwáwí tì.

Bàbá Lará ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ìlú yìí. Nígbà tí ibẹ̀ kógbá sílé, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tún rédíò ṣe, wọ́n kan ìsọ̀ kékeré kan sẹ́bàá títì. Ibẹ̀ ni mo bá wọn. Wọ́n dìde fún mi lórí àga wọn, àwọn fúnra wọn jókòó sórí kéréètì. Wọ́n ra kòsé, àkàrà ibí, ní gbígbóná fún mi lọ́wọ́ ìyá tó ń dín in ní ìtòsí. Mo kí wọn, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ iná tí wọn kò mú wá.

Mo ń wá bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ni, tàbí bí màá ṣe má bẹ̀rẹ̀, n kò mọ èwo mọ́. Àwọn fúnra wọn ló mẹ́nu kan Lará.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi ò kàwé. N kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe ní ẹgbẹ́ yín yẹn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú ọmọ mi ti là láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Ohun rere tó bá yọ níbẹ̀, mú un dání. Má tilẹ̀ wá béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ti gbà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà kà á. Mo ti gbà, ni wọ́n wí. N kò tíì béèrè, wọ́n ti gbà. Fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì lórí itan mi, bírò wà nínú báàgì kan náà. Mo jẹ kòsé tán, mo nu ọwọ́ mi, mo dúpẹ́, mo dìde.

Lará ń dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ti rí ojú mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní Bàbá kọ̀.

Kò sunkún. Ó kàn béèrè ohun tí wọ́n sọ. Ẹ ò rí i pé mo ṣì lè fi mọ níwọ̀n. Mo lè sọ pé wọ́n ń bẹ̀rù ìrìnàjò, tàbí pé wọn kò ní ẹlòmíràn tí yóò wà lọ́dọ̀ wọn. Ìyẹn ì bá tilẹ̀ jọ ìfẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú mi ló jáde. Mo ní, "Wọ́n ní ọmọ tí kò gbọ́ òyìnbó, ṣé kó lọ dójú ti àwọn lójú gbogbo ayé ni? Wọ́n ní kí o má dárúkọ ọ̀rọ̀ náà létí àwọn mọ́."

Ọ̀rọ̀ tèmi ni mo fi sí wọn lẹ́nu. Yorùbá ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n rán èmi níṣẹ́ ọmọ, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Lará ní, "Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "To, Anti. Na gode." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó pè wá pé òbí rẹ̀ kò gbà. Mo fi orúkọ mi rọ́pò. Kí n tó lọ, Lará wá sí Ungwan Shanu, ó gbé ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní bí òun kò bá lè lọ, kí ìwé náà lọ. Mo ṣèlérí fún un pé màá dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ibẹ̀. Ó tutù, ó tóbi, káàdì tó ní àwòrán mi ń fì lọ́rùn mi. Àwa ọ̀dọ́ láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ìwé kan tí a máa kà fún àwọn ìjọba. A jiyàn lórí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ títí ohùn fi há. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún wa láti kà á, wọ́n sì fi í sí àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n pè wá, púpọ̀ nínú àwọn aṣojú ìlú ti lọ jẹun. Pátákó orúkọ ìlú wọn nìkan ló wà lórí tábìlì.

Èmi ni wọ́n yàn láti sọ apá ti ilé tí omi wọ̀. Mo ṣí ìwé Lará. Mo ní, "Ní ilé wa, omi dé ojú fèrèsé." Ẹ jọ̀ọ́, ilé wa ní Ungwan Shanu, omi kò wọ ibẹ̀ rí. Mo sọ ti Mama Godiya bíi pé ojúlé wa ló ń gbé. Obìnrin òyìnbó kan tó jókòó níwájú ń nu ojú. Nígbà tó kù kí n dárúkọ Lará, iná kékeré orí tábìlì pọ́n, pé àsìkò wa tán. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Kò gùn, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó o. Mo ní ẹ ṣé, mo jókòó.

Ohun tí mo jí nìyẹn, ìṣẹ́jú méjì níwájú àwọn àga òfìfo. Nígbà mìíràn tí mo bá rò ó, ẹ̀rín á fẹ́ pa mí, ẹ̀rín tí kò dáa.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì yẹn sọ mí di ẹni ńlá. Wọ́n fún mi níṣẹ́. Wọ́n ń pè mí ní ohùn àwọn ọ̀dọ́ Àríwá. Mo ti dúró níwájú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn, mo ti wí pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ jù. Lónìí èmi ni mo ń bá wọn yan àwọn ọ̀dọ́ tó máa lọ.

Ìwé Lará ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ó sọnù pẹ̀lú ẹrù mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Omi tún wọlé ní Trikania lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó fa ìlà.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe bàjẹ́ sí i. Rédíò kan fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò nígbà tí mo dé. Bàbá Lará ń tún rédíò ẹnì kan ṣe lọ́wọ́, wọ́n gbọ́ ohùn mi. Inú wọn dùn, wọ́n sáré pe ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́ Anti rẹ? Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí n gbọ́ ohùn tìrẹ níbẹ̀." Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Lójú Lará, bàbá tó ní kò kúnjú ìwọ̀n ló tún pè é wá gbọ́ bí ẹni tó kúnjú ìwọ̀n ṣe ń sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Anti, ṣé kí wọ́n tún máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Mo fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní kó fara dà á, pé bàbá ni bàbá ń jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ó ń gbé oúnjẹ fún wọn, ó ń kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì bá wọn sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó pé ọdún kan, ó lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ kan ní Zaria. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ jéléósimi títí di òní.

Mo wà níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Àbúrò bàbá yẹn ló fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá tó bí i jókòó lórí ìjókòó kẹta, wọ́n ká fìlà sọ́wọ́, wọ́n ń wo ẹ̀yìn ọmọ wọn bó ti ń kọjá lọ. Nígbà tí a jáde, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo sún mọ́ ọn. Ṣé ó ní ohun tí mo ṣe fún òun?" Mo ní, "Ẹ máa wò ó, Bàbá. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe rí nìyẹn." Wọ́n mi orí. Wọ́n gbà mí gbọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ẹ lè bi mí pé ṣé n kò ní ẹ̀rí ọkàn ni. Mo ní in, n kò kàn ní ìgboyà. Mo máa ń lọ wò wọ́n, mo máa ń gbé ìrẹsì àti ọṣẹ lọ. Àwọn aládùúgbò ń wúre fún mi pé mo ń ṣe ohun tí ọmọ bíbí inú wọn kò ṣe. Mo ń dáhùn ní àmín. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, èmi sì ti ń sá níwájú ọjọ́ náà láti ìgbà yẹn.

Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Ara wọn ti gbẹ. Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn, wọn kò tàn án. Wọ́n ní kí obìnrin tó ń tọ́jú wọn bọ́ síta díẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ni Lará máa ń gbọ́ tirẹ̀. Bá mi lọ bẹ̀ ẹ́. N kò mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti rò ó títí, n kò rí i. Má bi í léèrè, kó má baà tún dùn ún. Ṣá sọ fún un pé Bàbá ní òun jẹ̀bi. Kó wá kí n rí i."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọwọ́ sókè láti ṣí fìlà orí wọn fún mi, bí ẹni tó ń bẹ àgbà. Ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Èmi ni mo dá a padà sórí ẹní. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá. Màá jẹ́ iṣẹ́ náà fún un."

Zaria kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láàárọ̀ á dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Fóònù tilẹ̀ wà. Ọjọ́ mọ́kànlá.

Mo mọ ohun tó ń dá mi dúró, n kò sì ní fi bò fún yín. Bí Lará bá dé, bàbá á ní òun jẹ̀bi, ọmọ á ní, "Nítorí pé ẹ ní n kò gbọ́ òyìnbó ni," bàbá á ní, "Èmi kẹ̀?" Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì á ti yíjú wò mí. Iṣẹ́ mi á lọ, orúkọ mi á lọ. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń pè mí ní Anti á mọ irú Anti tí mo jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi, kí ó wá dárí jì wọ́n, kí àgbàlagbà kú pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn? Àbí kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kí ó gbọ́ pé ó ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí jẹ bàbá rere níyà lórí ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ? N kò mọ èyí tó fẹ́ pa á jù. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi dá sí i. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ fi ìmọ̀ràn lé e.

Lánàá, Lará fúnra rẹ̀ pè mí. Ó bi mí nípa iṣẹ́, ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi. Lẹ́yìn náà ó bi mí nípa àlàáfíà bàbá rẹ̀. Ó ní, "Anti, yaya Baba?" Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò ti béèrè wọn lọ́wọ́ mi.

Mo la ẹnu mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ohun tó jáde ni pé, "Ara wọn le, Lará. Wọ́n wà dáadáa."

Ó ní, "To. Ẹ bá mi kí wọn."

Mo ní wọ́n á gbọ́. Ní báyìí iṣẹ́ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ti bàbá sí ọmọ, ti ọmọ sí bàbá. N kò tíì jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá?